Ògiri Tí Kò Gbọdọ̀ Dán

Garawa ọ̀dà lítà 20 ni àbúrò mi fi kó wọn wá, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé àfọ́kù POP ni, irú èyí tí àwọn onísílìnì máa ń kó dànù bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán. Mo ti fẹ́ẹ́ sọ fún un pé kó lọ dà á sí kòtò nígbà tó mú ẹyọ kan jáde, tó gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́. Ínṣì méjì ní ìbú, ínṣì méjì ní gígùn. Ojú rẹ̀ kún fún ìlà wẹ́wẹ́ àti ihò kéékèèké, bí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tò. Ó mú òmíràn. Ìyẹn jẹ́ ògiri, kò ga ju ìka ìlábẹ̀ mi lọ, bíríkì rẹ̀ ò dọ́gba, igun kan ti jẹ.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kùn wọ́n. 120 ni gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí. Ọdún kẹrìnlá nìyẹn tí mo ti ń kun ilé nílùú Ìlọrin. Mo ti kun mọ́ṣáláṣí, mo ti kun ilé ìwé, mo ti gorí àkàbà kun ilé alájà mẹ́ta tí orí ń kọ́ èèyàn bó bá wo ilẹ̀. Kí wá ni ti ohun tí kò ju bisikíìtì lọ? Mo ní kó padà wá gbà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè yẹn kò dé títí oṣù mẹ́jọ fi kọjá.

Eré ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Àbúrò mi ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún a sì máa kóra jọ ní yàrá ọ̀kan nínú wọn ní Tanke lálẹ́ Sátidé. Dungeons & Dragons lorúkọ eré náà. Ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé e kalẹ̀ ní 1974. Kò jọ lúdò, kò jọ ayò, nítorí pé wọn ò bá ara wọn du ipò. Ẹnì kan ni apàlọ́, àwọn yòókù ló wà nínú àlọ́ náà: ọ̀kan á ní jagunjagun lòun, ọ̀kan á ní adáhunṣe, ọ̀kan á ní olè. Apàlọ́ á ní, "Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà àjà ilẹ̀, òkùnkùn ni, ẹ sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ohun tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 ló máa sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Àjà ilẹ̀ yẹn ló wà nínú garawa. Tí wọ́n bá to àwọn ègé náà pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, wọ́n á tú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún un tò, á di gbọ̀ngàn ọba. Ínṣì kan lórí tábìlì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, nítorí náà ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Àwọn ère tó ń rìn nínú rẹ̀ kò ga ju nǹkan bíi mílímítà 28 lọ. Ilé-iṣẹ́ wà lókè òkun tó ń ta irú ègé bẹ́ẹ̀ ní kíkùn tán. Dwarven Forge ní Amẹ́ríkà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1996. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń gbà, ọmọ yunifásítì tó ń jẹ gàrí lópin oṣù kò sì lè bá dọ́là jà. Mọ́ọ̀dù rọ́bà kan ṣoṣo ló rà, POP sì wà nígboro Ìlọrin bí iyanrìn. Ó ń pò ó, ó ń dà á, ó ń yọ ọ́, títí garawa fi kún.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ọ̀dà olóróró aláwọ̀ eérú kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi níbi géètì tí mo kùn. Mo kó ègé 24, mo kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Wọ́n ń dán bíi bàtà ọdún. Àbúrò mi dé, ó mú ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní bí mi nínú.

"Bọ̀dá, ó dáa o. Àmọ́ ó dà bíi táìsì ilé ìwẹ̀."

Inú bí mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo mú ọ̀kan tí mi ò tíì kùn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo kùn, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Gbogbo ìlà àárín òkúta ti dí. Àwọn ihò kéékèèké ti kún. Igun tó jẹ ti yípo mọ́ra wọn bíi ti ọṣẹ. Mo gbìyànjú láti fi tínà fọ̀ ọ́ kúrò, POP fa tínà mu, mo fi ọ̀bẹ ha á, ó ha tòun tòkúta. Mẹ́rìnlélógún lọ sí kòtò lóòótọ́.

Ohun tó dùn mí ni pé mi ò ṣe àṣìṣe kankan gẹ́gẹ́ bí akunlé. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é. Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ wọn, kì í fi ọ̀rọ̀ dídọ́gba ṣeré. Bí a bá fi sìkírídìn pa ògiri, tí a fi sáńpépà bó o tán, wọ́n á ní kí n mú gílóòbù wá lálẹ́, kí n gbé e sún mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́. Iná ẹ̀gbẹ́ kì í bo nǹkan kan. Ibi tó bá wú diẹ̀ á ní òjìji, wọ́n á fi pẹ́ńsù yí i ká, èmi á sì tún padà sórí sáńpépà. "Ilé kì í gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ orí rẹ̀ han àlejò," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń bo sísán, ihò, ìdọ̀tí òjò, iyọ̀ tó ń bú jáde nídìí ògiri. Àbúrò mi wá gbé ògiri kan wá tó jẹ́ pé sísán àti ihò yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo lo ẹmúṣọ̀n, ọ̀dà tí a ń fi omi là. Ìyẹn náà gbẹ, ó sì ń bó bí awọ ejò. Èyí ò ní àwáwí, torí pé kò sí akunlé tí kò mọ̀ ọ́n. POP máa ń le kí ó tó gbẹ. Láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó ti le tó èyí tí èèyàn lè gbé, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá tutù, omi wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi a dà á lálẹ́, èmi a kùn ún láàárọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, POP tó gbẹ máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ Ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ ṣe ń mu omi. Tó bá jẹ́ ilé tuntun ni, ṣé mi ò ní kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí a là dáadáa rẹ ògiri ni? Nítorí pé ó kéré, mo rò pé òfin rẹ̀ náà á kéré.

Nígbà tó yá, mo bu gọ́ọ̀mù funfun ti àwọn káfíńtà, mo fi omi ìlọ́po mẹ́ta là á, mo da ẹmúṣọ̀n dúdú díẹ̀ sí i, mo sì fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀. Gọ́ọ̀mù á dí ẹnu POP, á sì mú kó le díẹ̀ sí i. Dúdú yẹn náà níṣẹ́ tó ń ṣe: ibikíbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò bá dé lẹ́yìn náà, ó ti di òjìji fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí funfun POP tó ń yọjú bí eyín nínú òkùnkùn.

Àwọ̀ ló kù, ibẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù. Mo ti gbà pé òkúta, àwọ̀ eérú ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni, ohun tó máa sọ nìyẹn. Mo kun 30 ní àwọ̀ eérú, wọ́n sì rí bíi bíríkì sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ lánàá.

Iṣẹ́ ilé kan gbé èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí Òmù-Àrán lóṣù karùn-ún. Òjò dí wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, a ò lè kun ìta, a bá gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta. Láti kékeré la ti ń gbọ́ nípa wọn níléèwé: ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ère tó wà níbẹ̀ sì lé ní 800. Òkúta rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Mo dúró síwájú obìnrin kan tó jókòó lórí àpótí, imú rẹ̀ ti fọ́. Tí èèyàn bá dúró lókèèrè, yóò ní eérú ni. Mo sún mọ́ ọn. Èjìká rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Ibi tí apá ti kan ara, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ jọ ewé gbígbẹ. Etí àti orí eékún, níbi tí ọwọ́ àti ọjọ́ ti pa á lára, ibẹ̀ ló funfun jù. Ọmọ iṣẹ́ mi ti wo gbogbo rẹ̀ tán, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi ṣì wà níwájú ère kan náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n rí ni?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ò ti gbádùn. Bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Sóbì, àwọn ìlà dúdú tí omi òjò fà sára òkúta ni mò ń wò. Bí mo bá gba àárín agboolé àtijọ́ kọjá, ògiri amọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹ ni mò ń wò. Nílùú tí wọ́n ní òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó tó ọdún mẹ́tàdínlógójì tí mo ti dáyé kí n tó wo òkúta.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Lórí ìpìlẹ̀ dúdú, mo máa ń fi àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn kùn ún kárí, mi ò ní jẹ́ kó nípọn. Lẹ́yìn náà, mo á mú òkúta mẹ́ta-mẹ́rin láàárín ègé kọ̀ọ̀kan, mo á fún ọ̀kan ní pupa díẹ̀, ọ̀kan ní ewéko díẹ̀, láìní ètò. Ọwọ́ mi kì í fẹ́ gbà níbẹ̀, ó máa ń fẹ́ tò ó bíi ti táìsì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan eérú. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo wá gbé e fún. Òun ò tíì kọ́ iṣẹ́ dójú ìwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ségesège.

Omi eléérí ló kàn. Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun ní orúkọ tiwọn fún un, wọ́n sì ń tà á nínú ìgò kékeré. Tèmi, ẹmúṣọ̀n dúdú àti ti àwọ̀ ilẹ̀ ni, tí a fi omi là títí á fi dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tí a wá kán ọṣẹ ìfọwo kan ṣoṣo sí i kí ó má baà kóra jọ bí omi lórí ewé kókò. Mo á fi bò ó látòkè délẹ̀. Omi náà á sá kúrò lórí òkúta, á lọ kóra jọ sínú ìlà àti ihò. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Okelele. Bí ìkòkò bá jáde nínú iná, tó ṣì ń gbóná, wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè sí i lára, ibẹ̀ ni ìkòkò Ìlọrin ti ń rí àwọ̀ rẹ̀. Tiwọn ń jó wọ ara ìkòkò, tèmi kàn ń ṣàn lásán ni, ṣùgbọ́n ní ti ìyẹn náà, omi ló mọ ibi tó ń lọ.

Kí ó gbẹ pátápátá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti kánjú rí.

Ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àbúrò mi ń pè é ní dráìbúrọ́ọ̀ṣì, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é ní fẹ́rẹ́-kàn-án. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó, tí irun rẹ̀ ti gé kúrú. Ẹ tì í bọ ọ̀dà tó mọ́lẹ̀, eérú tí a pò mọ́ funfun àti pupa rúsúrúsú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún dànù. Ẹ nù ún sórí àkísà, ẹ tún nù ún, títí ẹ ó fi rò pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Nígbà yẹn ni kí ẹ wá gbá a kọjá lójú òkúta, wéré wéré, bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára fìlà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Nígbà tó bá di ìgbà karùn-ún, ẹ̀gbẹ́ òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo igun tó jẹ, gbogbo ibi tó wú, á hàn kedere, inú ihò á sì dúdú síbẹ̀. Tí ọ̀gá mi bá rí mi tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò lọ́dà kun ògiri, àwọn ni wọ́n máa gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ mi, ibi tí wọ́n máa fi gbá mi kò ní ṣeé sọ.

Ìyá wa wọlé lọ́jọ́ kan tí mo ti fi ọ̀dà ewéko tọ́ ìdí ògiri mẹ́fà kan, bíi pé ewédò hù síbẹ̀, tí mo sì fi funfun díẹ̀ ṣe iyọ̀ tó ń bú jáde. Wọ́n gbé ọ̀kan sójú, wọ́n wọ gíláàsì wọn.

"Kí ló dé tí o fi ń kun ilé tó ti ń wó?"

Mo ní iṣẹ́ ni, àwọn oníbàárà ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn oníbàárà wo nìyẹn. Mo ní ọmọ yín. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì bèèrè bóyá ó ti jẹun.

Ti fóòmù, mi ò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ni àbúrò mi gbẹ́ ṣe àpáta ńlá kan, mo sì fọ́n ọ̀dà agolo sí i lára láìronú. Ọ̀dà náà jẹ ẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń jẹ ìgbín, ó ń yọ́, ó ń hó. Ohun tí wọ́n fi ń ti ọ̀dà yẹn jáde àti èyí tó là á ló ń yọ́ fóòmù. Ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù àti ẹmúṣọ̀n bò ó kí gbogbo ara rẹ̀ dí, tàbí kí ẹ má fọ́n nǹkan kan sí i rárá.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin náà ní tirẹ̀ láti sọ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà agolo máa ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara ègé, ojú rẹ̀ á wá le bíi gàrí, eruku á sì tún bá a dé. Nígbà òjò, fáníìṣì tí mo fọ́n sí ègé 16 lóṣù keje di funfun bí èémí lójú gíláàsì, torí omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Látìgbà yẹn, fáníìṣì tí kò dán, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa, ni mò ń lò, inú ilé ni mo sì ń ṣe é.

Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ilé kíkùn ti gbà mí gan-an ni mo tún ti ṣubú. Ègé tó jẹ́ pé a lè tú u ká tún un tò, kò sí ẹni tó mọ èyí tó máa jókòó ti èyí. Ègé kìíní àti ègé ọgọ́rùn-ún lè pàdé lọ́la. Mo po ọ̀dà tó tó 40, ó tán, mo tún òmíràn pò, mo fi ojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n tò ó, ìdajì yàrá náà rí bíi pé ilé ẹlòmíì ni wọ́n ti lọ gé e wá. Akunlé wo ló ń po ọ̀dà ògiri kan lẹ́ẹ̀mejì? Báyìí, inú ike mẹ́yọ́nísì ni mò ń po gbogbo rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, mo á fi bébà lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, mo á sì kun gbogbo ègé ní ìpele kan kí n tó kan ìpele kejì. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ń kan ara wọn, mi ò ń jẹ́ kí ọ̀dà dé ibẹ̀ ju ìpìlẹ̀ lọ. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lápá ọ̀tún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lápá òsì, tí ègé mẹ́wàá bá wà lórí ìlà kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti wọ́.

Àbúrò mi ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń ta á. Mo lọ lálẹ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìrun ìṣáì, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì torí àga ò tó. Wọ́n to 96 sórí tábìlì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, gbọ̀ngàn kan, àtẹ̀gùn kan. Lábẹ́ iná sílìnì, ó dáa, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó kàn dáa ni. NÍPÀ wá mú iná lọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan gbé láńtà oníbátìrì sí igun tábìlì, ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, gẹ́lẹ́ bíi gílóòbù ọ̀gá mi. Gbogbo ibi tó wú, gbogbo sísán, gbogbo igun tó jẹ, ó mú òjìji jáde gbọọrọ. Àwọn ọmọ náà dákẹ́. Èyí tó ń pàlọ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ń gbọ́ tí omi ń kán níbì kan." Èmi tí mo mọ̀ pé ẹmúṣọ̀n ni ewédò yẹn, mo yíjú wo ìdí ògiri.

Lóṣù tó kọjá, Alhaja kan ní Gáà Akanbi pè mí pé kí n wá kun fẹ́ǹsì àwọn. Òjò ti fa dúdú láti òkè fẹ́ǹsì náà wálẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti hu ewédò, ọ̀dà àtijọ́ ti ṣí kúrò níbì kan bí máàpù, pupa amọ̀ sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ya fọ́tò igun ìsàlẹ̀. Alhaja jáde.

"Pẹ́ńtà, fọ́tò kín nìyẹn? Ṣé o fẹ́ fi bu owó lé e ni?"

Mo ní rárá mà, ògiri yín ló wù mí.

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ògiri. "Èyí tó rí báyìí ló wù ọ́? Tí o bá kùn ún tán tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní sanwó o."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ya ẹyọ kan sí i, mo ki fóònù bọ àpò, mo mú sìkírépà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á láti ìsàlẹ̀.